My Sister, the Serial Killer: Ìwé Ìtàn-Àròsọ Oyinkan Braithwaite

Ìtàn-àròsọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé yìí. Ọdún 2018 ni Oyinkan Braithwaite, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, gbé e jáde. Lọ́dún 2019, ó gba ẹ̀bùn ìwé Los Angeles Times, ó sì wà lára àwọn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣà fún ẹ̀bùn Booker.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Kóredé ló ń sọ ìtàn náà. Arẹwà gidi ni Ayọ̀ọlá, àbúrò rẹ̀, àmọ́ Fẹ́mi ni ọ̀rẹ́kùnrin kẹta tó máa kú sí i lọ́wọ́. Tí ọ̀kan bá ti kú, ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè. Kóredé á fọ ẹ̀jẹ̀ ilé ìwẹ̀ títí kò fi ní ku àmì kankan. Aṣọ ibùsùn ni wọ́n fi di òkú Fẹ́mi, wọ́n gbé e sínú búùtù ọkọ̀, ó di orí afárá Third Mainland, wọ́n sì jù ú sọ́sà.

Ayọ̀ọlá ní òun ń gbèjà ara òun ni. Òfin gba irú ìyẹn láyè, bí ẹni tí wọ́n kọlù kò bá ṣe é kọjá bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ta ló wà níbẹ̀? Ẹnu Ayọ̀ọlá nìkan la ti gbọ́, ọ̀bẹ sì wà lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí òkú ṣe ń pọ̀ sí i ni ọkàn Kóredé ń ṣe iyèméjì. Ohun tó mú ọkàn òǹkàwé sókè nìyẹn, nítorí a ti mọ apànìyàn láti ojú ìwé àkọ́kọ́.

Bàbá wọn ló ni ọ̀bẹ náà. Èmi gbà pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Olówó ni, ẹni táyé ń bọ̀wọ̀ fún níta, tó sì ń na àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìnàkunà nínú ilé. Ayọ̀ọlá kò tíì dàgbà tó fi fẹ́ fà á lé olóyè kan lọ́wọ́. Ìwé náà kò là á mọ́lẹ̀ bí ikú ṣe pa bàbá yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù tí àwọn ọmọ náà kọ́ nílé ló so wọ́n pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi lè yà wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo tí Kóredé ń tú àṣírí fún ni Muhtar, aláìsàn tó ti dákú lọ gbọrangandan ní ọsibítù. Ó gbàgbé pé aláìsàn lè jí.

Tádé, dókítà tí Kóredé fẹ́ràn, náà kó sọ́wọ́ Ayọ̀ọlá. Nígbà tí ọ̀bẹ yọ, òun gan-an ló gbèjà ara rẹ̀ ní tòótọ́. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Kóredé mọ òtítọ́, àbúrò rẹ̀ ló sì dúró tì.