Igbó Banco àti Bar Beach: Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀ Ìgbafẹ́?

Abidjan àti Èkó jọra púpọ̀. Ọ̀sà ló yí ìlú méjèèjì ká, ìjọba amúnisìn ló sọ wọ́n di olú-ìlú, àwọn méjèèjì ló sì ti fi ipò náà sílẹ̀ fún ìlú àárín orílẹ̀-èdè: Yamoussoukro ní 1983, Àbújá ní 1991. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ ìjọba tí mẹ̀kúnnù ti ń gbafẹ́, ìtàn wọn yapa.

Ní 1926 ni àwọn Faransé sọ igbó Banco, tó wà láàárín Abidjan lónìí, di igbó ọba. Ní 1953, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe ìfẹ́ ará ìlú ló mú wọn dá a sí: wọ́n ń fi igi ibẹ̀ ṣe ìwádìí, igbó náà sì ń dáàbò bo omi abẹ́ ilẹ̀ tí ìlú ń mu. Lẹ́yìn òmìnira, ilé yí i ká láti Yopougon dé Abobo, ilẹ̀ sì di wúrà. Síbẹ̀, ó lé ní hẹ́kítà 3,400 tó ṣì jẹ́ igbó, tí ènìyàn lè wọ̀ lọ gba atẹ́gùn. Ní oṣù Kejì ọdún 2002, òfin tuntun fi ìdí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun-ìní ìjọba tí a kò gbọdọ̀ tà. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá àjọ OIPR sílẹ̀ láti máa ṣọ́ wọn.

Òfin nìkan kò tó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì fi Bouaké ṣe ibùjókòó. Orílẹ̀-èdè pín sí méjì. Ọgbà Comoé, ní àríwá ìlà-oòrùn, bọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ọdẹ aláìgbàṣẹ sì gbòde níbẹ̀. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó wà nínú ewu ní 2003, kò sì yọ ọ́ kúrò títí di 2017. Banco, tó wà lápá ibi tí ìjọba ti ń jọba, kò rí irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé òfin tí kò ní ìjọba lẹ́yìn kò lè ṣọ́ igbó.

Èkó kọ́ wa ní ìdàkejì rẹ̀. Ogun kò jà níbẹ̀, ìjọba sì wà ní ìkàlẹ̀. Bar Beach ni ọlọ́rọ̀ àti tálákà jọ ń lọ lọ́jọ́ Kérésìmesì àti Àjíǹde. Ibẹ̀ ni àwọn aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà. Ibẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti yìnbọn pa Iṣọ̀lá Oyènúsì lójú gbogbo ayé ní 1971, nítorí kò sí ibòmíràn tí èrò ń pé sí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sẹ́nu òkun ní 1908 kí ọkọ̀ ojú omi lè wọlé ni omi ti ń jẹ etíkun náà. Ìyẹn ni ìjọba fi ṣe ìdí nígbà tó gbé iṣẹ́ Eko Atlantic fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, ayẹyẹ rẹ̀ sì wáyé ní 2013 níṣojú Ààrẹ Jonathan àti Bill Clinton.

Àwọn kan ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni pé omi kò ya wọ Victoria Island bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ẹwà náà wà fún? Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ohun tí alágbàtọ́ gbà pamọ́ kì í ṣe tirẹ̀ láti tà. Ní 2024, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Calabar bẹ̀rẹ̀, Àbújá àti àwọn oníṣòwò etíkun ló ń jiyàn. Mẹ̀kúnnù kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìjọba tó lágbára láti kọ́ odi sínú òkun lágbára láti ṣọ́ etíkun. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ṣe òfin tí yóò dárúkọ etíkun gbogboògbò kọ̀ọ̀kan tó kù, tí yóò sọ ààlà rẹ̀, tí yóò sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò lè yí i padà láìjẹ́ pé a gbọ́ tẹnu ará ìlú ní gbangba. Bí ìdìbò bá dé, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olùdíje.