Òwú, Ẹ̀pà àti Gbèsè Àgbẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Georgia

Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ Savannah dó ní 1733 títí di òní, irè oko tó gbajúmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti yí padà léraléra. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà ni ọ̀nà tí owó ń gbà wọ inú oko. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹni tó lówó lọ́wọ́, gbèsè ló sì ń pinnu ẹni tí ilẹ̀ yóò kù sí lọ́wọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tọpasẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ní 1735, àwọn tó dá Georgia sílẹ̀ ṣòfin pé kò gbọdọ̀ sí ẹrú níbẹ̀. Sílíìkì ni wọ́n ní lọ́kàn láti máa ṣe. Àwọn olóko kò gbà, nígbà tó sì di 1751, òfin náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà ni wọ́n kó wá sínú oko ìrẹsì etí òkun. Ní 1793, Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ tó ń ya hóró kúrò lára òwú ní oko Mulberry Grove, nítòsí Savannah. Ẹ̀rọ náà gba iṣẹ́ hóró yíyọ lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń ká òwú. Bí èrè ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ra ẹrú kún ẹrú. Nígbà tó fi máa di 1860, ẹrú tó wà ní Georgia ti lé ní 460,000.

Òmìnira bá ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò bá a dé. Ní oṣù kìíní 1865, Ọ̀gágun Sherman, ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, pàṣẹ ní Savannah pé kí wọ́n pín ilẹ̀ etí òkun fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, kí ìdílé kan má ju 40 éékà lọ. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Andrew Johnson ti ní kí wọ́n dá a padà fún àwọn olóko àtijọ́. Báyìí ni àgbẹ̀ tí kò nílẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dáko pín. Onílẹ̀ yóò mú ilẹ̀ àti ìbaaka wá, onísọ́ọ̀bù yóò ta oúnjẹ àti ajílẹ̀ fún àgbẹ̀ láwìn, irè tí kò tíì hù ni yóò sì fi ṣe ìdógò. Òwú nìkan ni olówó ń fẹ́, torí òwú kì í pẹ́ tà. Ìwé ìṣírò sì ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tó yáni lówó.

Nígbà tó di 1915, kòkòrò boll weevil dé. Yóò gún ìrudí òwú, yóò yé ẹyin sínú rẹ̀, ìdin yóò sì jẹ ẹ́ láti inú. Ilẹ̀ òwú já láti mílíọ̀nù 5.2 éékà ní 1914 sí mílíọ̀nù 2.6 ní 1923. Ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú kó lọ sí àríwá. Ìgbà tí ètò láti pa kòkòrò náà run bẹ̀rẹ̀ ní 1987 ni òwú tó tún gbérí dáadáa.

Ẹ̀pà ló gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oníyanrìn ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Ilẹ̀ South America ló ti ṣẹ̀, ó dé Áfíríkà, ó sì wà lára ohun tí ọkọ̀ ẹrú gbé lọ sí Àríwá Amẹ́ríkà. Lónìí, nǹkan bí ìdajì ẹ̀pà gbogbo orílẹ̀-èdè náà ni Georgia ń pèsè. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbó sí, nítorí náà àgbẹ̀ yóò fa díẹ̀ tu, yóò fi omi alágbára bó awọ òde èèpo rẹ̀, yóò sì tò ó sórí pátákó ní àwọ̀-àwọ̀, láti funfun dé dúdú. Bí dúdú bá pọ̀ tó, ó yá. Bó bá kánjú, hóró kò ní kún. Bó bá pẹ́ jù, ẹ̀pà yóò já kù sínú ilẹ̀. Ẹ̀rọ yóò hú u, yóò dojú rẹ̀ délẹ̀ kí oòrùn lè pa á fún ọjọ́ díẹ̀.

Èso peach ni wọ́n fi ń pe ìpínlẹ̀ náà lóríkì, àmọ́ California àti South Carolina ń pèsè rẹ̀ jù ú lọ. Ní 2023, ìgbà òtútù kò tutù tó, òtútù líle sì tún bá òdòdó igi náà. Ó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èso náà tó ṣòfò.

Adìẹ ló ń mú owó wọlé jù. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, Jesse Jewell ní Gainesville bẹ̀rẹ̀ sí í fún àgbẹ̀ ní òròmọdìẹ àti oúnjẹ wọn láwìn. Lónìí, ilé iṣẹ́ ló ni adìẹ, àgbẹ̀ ló ni ilé adìẹ àti gbèsè báńkì tó fi kọ́ ọ. Èmi kò rí i pé èyí jìnnà sí àwìn onísọ́ọ̀bù ayé òwú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ òde òní nílẹ̀.

Àwọn kan gbìyànjú láti jáde nínú irú gbèsè yìí. Ní 1969, Charles àti Shirley Sherrod pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn dá oko àjọni kan tó ń jẹ́ New Communities sílẹ̀ ní Lee County, wọ́n sì jọ ni ilẹ̀ tó tó 5,700 éékà. Ọ̀dá dé, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń yá àgbẹ̀ lówó kò dá wọn lóhùn lásìkò, ilẹ̀ sì bọ́ ní 1985. Ní 2009, lẹ́yìn ẹjọ́ tí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú pe ìjọba, wọ́n dá wọn láre pé kí ìjọba san nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 dọ́là fún wọn. Ilẹ̀ àkọ́kọ́ kò padà sọ́wọ́ wọn. Oko mìíràn ni wọ́n rà nítòsí Albany ní 2011, oko ẹrú láyé àtijọ́, igi pecan sì wà lára ohun tí wọ́n ń kórè níbẹ̀.