Ohun Tí Ìtàn Sùúrùlérè Lè Sọ fún Ẹni Tó Fẹ́ Kó Lọ sí Ìlú Òtútù

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Múṣìn ń jíròrò lálaalẹ́: ṣé kí á kó lọ sí Kánádà? Ní ọdún 2019, ìjọba Kánádà dárúkọ ìlú àti àgbègbè kéékèèké 11 tó ń wá òṣìṣẹ́, lára wọn ni Thunder Bay, Timmins, Moose Jaw àti Brandon. Ètò mìíràn tó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀ ní 2025. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ríṣẹ́ níbẹ̀, kí ìlú náà sì fọwọ́ sí i. Ní òru oṣù Kìn-ín-ní, òtútù Brandon a máa ju ti inú fìrísà àwọn ẹlẹ́ja wa lọ. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ibẹ̀ a ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Òtútù yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣí kúrò níbòmíràn ló sọ púpọ̀ nínú àdúgbò wa di ńlá, ìtàn wọn sì fi hàn pé ìbéèrè kan wà tó ṣáájú òtútù.

Ní 1867, rògbòdìyàn tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kó ilé ìsìn àwọn Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá tó jẹ́ onígbàgbọ́ sá wá sí Èkó. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta. Wọ́n pàdánù ohun ìní, ṣùgbọ́n ìjọ wọn kò túká: tará-tọ̀rẹ́ ni wọ́n jọ dé. Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni.

Ti 1955 yàtọ̀. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eégbọn eku ń gbé kiri, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú Èkó ṣe. Àjọ yìí ló la àdúgbò Yábàá sílẹ̀. Òun kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn Èkó ní 1955, tó sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ibẹ̀ kò jìnnà ju ìrìn bọ́ọ̀sì lọ, ilé tuntun náà sì láyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìwádìí tí Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1961 fi hàn pé ìnira wọn pọ̀. Àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ pàdánù oníbàárà wọn. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Àwọn arúgbó tí àwọn ẹbí máa ń yà kí, tí wọ́n sì ń fún ní ṣílè díẹ̀díẹ̀, kò rí ẹni yà mọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kó lọ, kì í ṣe agbo ilé.

Èrè sùúrù náà padà dé. Nígbà tí Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè ṣí ní 1972, Sùúrùlérè ti di ibi tí ènìyàn ń fẹ́ gbé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ló jẹ èrè náà. Àwọn òbí ló san owó rẹ̀.

Ètò Kánádà yìí jọ ti 1955 ju ti 1867 lọ, nítorí òṣìṣẹ́ kan àti ìdílé rẹ̀ ló ń pè. Lóòótọ́, owó ń gba orí fóònù délé lónìí, ojú sì ń rí ojú lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù kò lè gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn lóru. Nítorí náà, kí ẹni tó ń rò ó tó ta ilẹ̀ tàbí ọkọ̀, kí ó béèrè: ta ni mo mọ̀ níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ wà fún èmi nìkan ni, àbí fún ìyàwó tàbí ọkọ mi pẹ̀lú? Ta ni yóò máa yà kí àwọn òbí mi?

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Aṣọ òtútù ṣeé rà, ará kò ṣeé rà. Bí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta tó mọ ara wọn bá lè fojú sí ìlú kan náà, tí wọ́n sì fi ẹni tí yóò máa bójú tó àwọn àgbà sílé, ìrìn wọn yóò súnmọ́ ti àwọn ará Èbúté-Mẹ́ta.