Apakòkòrò

Bí a ṣe ṣẹ̀dá "apẹja" la ṣe ṣẹ̀dá "apakòkòrò": ohun tó ń pa kòkòrò àrùn. Lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́míìsì Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò l'Ékòó, Flagyl àti Ampiclox wà lára irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀n apẹja kì í béèrè orúkọ ẹja. Bẹ́ẹ̀ náà ni apakòkòrò lè pa kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ìfun, kí kòkòrò àrùn Clostridioides difficile, tí aláìsàn sábà máa ń kó nílé ìwòsàn, wá gbilẹ̀, kí ìgbẹ́ gbuuru sì bẹ̀rẹ̀. Dókítà á dá apakòkòrò àkọ́kọ́ dúró bó bá ṣeé ṣe, á sì fún aláìsàn ní apakòkòrò mìíràn, vancomycin, mu fún ọjọ́ 10. Ẹ má ra apakòkòrò láìrí dókítà.