Ta Ló Ni Omi? Kílọ́ọ̀bù, Pápá Ìṣeré àti Ìtàn Ìlúwẹ̀ẹ́ ní Ìbàdàn

Ẹni tó bá gba Ring Road Ìbàdàn kọjá, láti Challenge títí dé ìhà Òkè-Àdó, kò ní í wá adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tì. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ní i, àwọn iléèwé aládàáni kan ní i, ilé àwọn olówó kan náà sì ní i. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ tó ti dàgbà: ẹgbẹ́ tó ní ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé láti ayé àwọn bàbá àgbà, tó ní ife ẹ̀yẹ tí ìran mẹ́ta ti jìjà dù, tí ọmọ awakọ̀ àti ọmọ adájọ́ sì ti jọ bẹ́ sómi níbẹ̀. Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ará òkè ni ará Ìbàdàn, omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn. N kò gba àlàyé yìí wọlé. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni omi ni. Ní ìlú tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, omi gbogbogbò ló bí ẹgbẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, kílọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ dé, ó sì mọ odi yí omi ká.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná. Ní 1846, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tó fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti fi owó aráàlú kọ́ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìfọṣọ. Ìdọ̀tí àti àrùn onígbáméjì ló lé wọn débẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi ti wà nílẹ̀, tí owó ìwọlé kò sì pọ̀, àwọn akọ̀wé àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ. Wọ́n á háyà adágún ìjọba fún ìrọ̀lẹ́ kan, wọ́n á fi aago díwọ̀n ìje. Ní oṣù kìíní 1869, àwọn ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ́nù pàdé, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tó padà di àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ Otter bẹ̀rẹ̀. Serpentine Swimming Club ti wà láti 1864, adágún inú ọgbà Hyde Park tí kò ní òrùlé ni wọ́n sì ń lò di òní. J. M. Barrie tó kọ Peter Pan ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ife ìje àárọ̀ Kérésìmesì ní 1904. Bí òtútù àárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí, kí Ọlọ́run má fi hàn wá.

Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ni omi. Òfin, ìwé ìpàdé, aago àti ife ni ohun ìní wọn. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dọ́gba o: ilé ìwẹ̀ náà ní ipò kìíní àti ipò kejì, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin sì kéré. Síbẹ̀, ìjọba ló ni ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá ti lówó ìwọlé ti di oníwẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dọ̀ tiwa, rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, kílọ́ọ̀bù sì tẹ̀ lé e. Ibadan Recreation Club gbé 1902 sára orúkọ tirẹ̀. Ní Èkó, kílọ́ọ̀bù tí a mọ̀ sí Ikoyi Club 1938 lónìí, European Club ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Orúkọ yẹn nìkan ti sọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tó máa dúró síta. Nínú irú ibẹ̀, ìlúwẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ka kan láàárín gọ́ọ̀fù, tẹníìsì àti sùkúọ́àṣì. Ènìyàn kì í wọ ẹ̀ka ìlúwẹ̀ẹ́ lásán. Ó ní láti kọ́kọ́ wọ kílọ́ọ̀bù lódindi, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan dárúkọ rẹ̀, kí òmíràn tì í lẹ́yìn, kó sanwó, kó tó fi ẹsẹ̀ kan omi. Adágún náà wà fún fàájì ìdílé lẹ́yìn iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi pé kò bí òmùwẹ̀ ìje. Wọn kò kọ́ ọ fún ìyẹn.

Ní 1947, Ivor Cummings, aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ́nù, dé Èkó lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Bristol Hotel ti gba yàrá sílẹ̀ fún un, àmọ́ nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò lè dé síbẹ̀. Inú bí gbogbo ìlú, Gómìnà Arthur Richards sì ní láti pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin. Láti ìgbà náà ni ìlẹ̀kùn kílọ́ọ̀bù náà ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀ fún adájọ́, dókítà àti ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba. Àwọ̀ ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ omi yí padà, ṣùgbọ́n ìlànà ìwọlé wà bó ṣe wà. Òpìtàn tó bá ka ọdún wọ̀nyẹn sí ìgbà tí kílọ́ọ̀bù di ti aráàlú ti ka ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ aráàlú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù omi wàyí. Pieter de Marees, ará Hólàńdì, kọ̀wé ní 1602 nípa etíkun tó di Gánà lónìí. Ó yin àwọn ènìyàn ibẹ̀ pé wọ́n mọ ìlúwẹ̀ẹ́ gan-an, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń mòòkùn. Òpìtàn Kevin Dawson kó ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2018. Ó fi hàn pé àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń ju apá kan tẹ̀ lé èkejì nínú omi nígbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ṣì ń wẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ní 1844, nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà méjì wá wẹ irú ìwẹ̀ alápájíjù bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù, ẹnu ya àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì kà á sí ìwà tí kò bá ti òyìnbó mu. Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn àti ará Ẹ̀pẹ́ kò dúró de kílọ́ọ̀bù kankan kí wọ́n tó mọ omi.

Lóòótọ́, Ìbàdàn kò ní ọ̀sà. Ògùnpa, Kúdẹtì àti Ọ̀nà ló ní, orúkọ Ògùnpa sì ń dẹ́rù ba ènìyàn. Omíyalé 31 oṣù kẹjọ 1980 pa ènìyàn tó lé ní igba. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 26 oṣù kẹjọ 2011 pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sí òmùwẹ̀ tó lè bá omi tó ń gbé mọ́tò àti páànù lọ jìjàkadì. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kọ́ dí ojú odò àti ìdọ̀tí tí wọ́n dà sínú rẹ̀ wà lára ohun tó sọ Ògùnpa di apani. Ẹ má fi ẹ̀rù yẹn ṣe àwíjàre fún ọmọ tí kò rí adágún tó mọ́ tí yóò ti kọ́ ìwẹ̀.

Ohun tó sún mọ́ èrò omi gbogbogbò jù lọ ní Ìbàdàn kì í ṣe omi rárá. Pápá ìṣeré Liberty ni, lójú Ring Road gan-an, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ní 1960, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan sọ lórúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní 10 oṣù kẹjọ 1963, ìjà àkọ́kọ́ fún bẹ́líìtì àgbáyé ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú Áfíríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù ife Áfíríkà ti 1980 àti ti àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní 1999. Kò sẹ́ni tí wọ́n bi pé ta ló tì í lẹ́yìn kó tó wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì ló rà. Bọ́ọ̀lù àti ẹ̀ṣẹ́ rí àǹfààní yìí, eré sísá náà sì rí i lórí pápá iléèwé. Josiah Majekodunmi ti gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú ìfò òkè níbi ìdíje British Empire Games ní Auckland ní 1950. Títí di òní, Nàìjíríà kò tíì gba àmì-ẹ̀yẹ kankan nínú ìlúwẹ̀ẹ́ Òlíńpíìkì. Bí àbùdá bá ni ìdí, ó yẹ kó ṣàlàyé méjèèjì.

Pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní adágún tirẹ̀ nígbà ìdíje gbogbo Áfíríkà ti 1973, Ìbàdàn náà sì gba ìdíje orílẹ̀-èdè lálejò ní 1979, èyí tí wọ́n pè ní Olúyọ̀lé '79. Ẹ wo àwọn tó ń kó àmì-ẹ̀yẹ ìlúwẹ̀ẹ́ níbi irú ìdíje yìí lóde òní: Bayelsa, Rivers àti Delta ni orúkọ wọn máa ń léwájú. Etí odò ni àwọn wọ̀nyẹn ti ń wá. Níbi tí omi ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, òmùwẹ̀ ń jáde. Lójú mi, ẹ̀rí yìí wúwo ju àkọsílẹ̀ kílọ́ọ̀bù èyíkéyìí lọ.

Ẹnìkan lè bi mí léèrè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, níbi tí adágún ìjọba pọ̀ sí, tí ìwádìí àjọ Sport England sì fi hàn pé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kì í lúwẹ̀ẹ́. Alice Dearing, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Gánà, ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wẹ̀ fún Bìrìtìkó ní Òlíńpíìkì, ọdún 2021 sì ni. Ọdún náà ni FINA, àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé, kọ fìlà ìwẹ̀ tó gba irun ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n tó gbà á ní 2022. Mo gbà pé omi gbogbogbò nìkan kò tó. Àìsí rẹ̀ ni mo ní ó tó láti dá eré náà dúró.

Ní Òlíńpíìkì Sydney ní 2000, Eric Moussambani láti Equatorial Guinea wẹ mítà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 52.72. Adágún hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Malabo ló ti ṣe ìgbáradì. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo hòtẹ́ẹ̀lì yẹn. Ní Ring Road náà, hòtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọ́ ìwẹ̀: olùkọ́ kan á dúnàá-dúrà pẹ̀lú máníjà fún wákàtí díẹ̀ ní Sátidé, àwọn òbí á sanwó, ọmọ á wọlé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó dárúkọ wọn. Ọ̀nà yìí jọ ti àwọn ẹgbẹ́ 1869 ju ti kílọ́ọ̀bù àtijọ́ lọ, ibẹ̀ ni mo sì rò pé ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ Ìbàdàn yóò ti jáde, bí yóò bá jáde. Owó ni wọ́n fi yàtọ̀. Òfin 1846 sọ iye tí ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá, pẹ́nì kan péré fún ìwẹ̀ omi tútù ní ipò tó rẹlẹ̀ jù. Ní Ring Road, máníjà hòtẹ́ẹ̀lì ló ń dá iye lé e.