Gbèsè àti Ẹ̀wọ̀n ní Ìlọrin

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn onígbèsè àti olówó rẹ̀ rí. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń gba gbèsè láyé àtijọ́, àti bí ẹ̀wọ̀n ti wọ inú ọ̀ràn náà.

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí a tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, sọ fún wa nípa ológò. Ọkùnrin yìí kì í tètè bínú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ burú. Bí àwọn aláṣẹ bá rán an, yóò wọ ilé onígbèsè, yóò jókòó tì í, yóò máa bú u, yóò sì máa tẹ̀lé e káàkiri. Bí ebi bá pa á, yóò pa adìẹ ilé náà jẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tí ó bá lù ú, àwọn tí ó rán an ni ó lù. Ṣùgbọ́n òun náà kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun jáde. Ìtìjú ni ó fi ń gba owó.

Ẹni tí kò ní nǹkan rárá a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé. Owó gan-an kò dín. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò jẹ nínú owó náà ṣe ń roko rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olówó ti fẹ́ mú ọmọ méjèèjì opó tí ó ké pe Èlíṣà.

Nígbà tí Abdulsalami, ọmọ Àlímì, jọba ní Ìlọrin lẹ́yìn ọdún 1820, ìlú náà di ara ìjọba Sókótó, òfin Mùsùlùmí sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Òfin yìí gbà kí adájọ́ ti onígbèsè mọ́lé, kí a lè wádìí bóyá ó fi owó pamọ́. Bí ó bá hàn pé tálákà ni, a gbọ́dọ̀ dá a sílẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tẹ nǹkan. Òfin náà ni ó mọ díyà, owó ẹ̀jẹ̀ tí a ń san fún ẹbí ẹni tí a pa. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pànìyàn, àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó ń pawọ́ pọ̀ san án.

Ní 1897 ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin, ní 1900 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gba àkóso. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti mọ ìkorò ọ̀ràn yìí. Ní 1824 ni a ti baba Charles Dickens mọ́ túbú Marshalsea ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí gbèsè. Ọmọ náà, ọmọ ọdún 12, sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí a ti ń ṣe oje bàtà. Ọdún 1869 ni wọ́n tó fi òfin dín irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ kù.

Òfin 1945 ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí ilé-ẹjọ́ kọ́kọ́ wádìí ohun tí onígbèsè ní kí ó tó rán an lọ sẹ́wọ̀n. Òfin ìwà-ọ̀daràn ti Àríwá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, fún adájọ́ láṣẹ láti mú ẹni tí ó jẹ̀bi san owó ìtánràn fún ẹni tí ó ṣe léṣe. Ní 1993 Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé pé a kì yóò ti ẹnikẹ́ni mọ́lé kìkì nítorí pé kò lè san gbèsè àdéhùn.

Lónìí túbú wà ní Òkè-Kúrá àti ní Mandálà ní Ìlọrin, ilé-ẹjọ́ sì ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó àti owó oúnjẹ ọmọ. Ẹni tí ó wà nínú túbú kò lè ṣiṣẹ́. Ebi ọmọ tí ó jẹ lówó oúnjẹ kò sì dáwọ́ dúró. Síbẹ̀, a kò lè máa wí fún ìyá ọmọ pé kí ó ṣe sùúrù títí láé. Nítorí náà, ìbéèrè kan náà ni adájọ́ àtijọ́ àti òfin ìsinsìnyí ń bi onígbèsè: kò ní ni, tàbí kò fẹ́? Ẹni tí ó ní tí kò fẹ́ san, òun ni ẹ̀wọ̀n yẹ. Ẹni tí kò ní, àkókò àti iṣẹ́ ni kí a fún un, kí àwọn ìbátan sì ràn án lọ́wọ́, kí okùn àti adìẹ lè jọ rí ìsinmi.