Amọ̀, Ewé àti Páànù: Bí Ilé Ṣe Gbóná Mọ́ Wa Lọ́wọ́ ní Ìdànrè

Ẹ̀yin tí ẹ ti gun Òkè Ìdànrè rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn ń gùn kó tó dé ìlú àtijọ́. Nígbà tí ẹ bá fi máa débẹ̀, òógùn á ti bò yín, ẹsẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Àmọ́ ẹ fara ti ògiri amọ̀ ní ààfin Ọwá àtijọ́, ẹ ó rí i pé ó tutù. Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ padà sí Òdòdé, kí ẹ wọ yàrá oníbúlọ́ọ̀kù ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ara yín á sọ ìyàtọ̀ fún yín. Báwo ni àwọn tí kò ní iná mànàmáná ṣe ń sùn nínú ilé tó tutù ju tiwa lọ?

Orí òkè yìí, tó ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí àpáta ni odi wọn lọ́jọ́ ogun. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún 1896, kóòtù sì tẹ̀ lé e ní 1906. Ní àwọn ọdún 1920 ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí ìsàlẹ̀. Láti ọdún 2007 ni òkè náà ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà kọ sílẹ̀ pé kí UNESCO gbé yẹ̀ wò fún ipò ogún àgbáyé. Àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ wò sábà máa ń wo àpáta. Ògiri ni kí ẹ bá mi wò.

Ògiri amọ̀ nípọn. Bí oòrùn bá ń pa á láti àárọ̀, ọ̀pọ̀ wákàtí ni ooru fi ń rìn nínú rẹ̀ kó tó yọ sínú yàrá. Nígbà tó bá fi máa yọ, ilẹ̀ ti ṣú, òtútù òkè ti dé, ooru náà sì ti di ohun tí èèyàn ń fẹ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Òrùlé náà níṣẹ́ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ igbó bíi tiwa, ewé bíi gbòdògí ni wọ́n fi ń bo ilé. Ní ọ̀dàn ilẹ̀ Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ ni. Atẹ́gùn tó há sáàárín ewé lórí ewé kì í jẹ́ kí ooru kọjá wéré. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, àjà tún wà lábẹ́ òrùlé: igi tí wọ́n tò, tí wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́. Àgbàlá tó wà láàárín agbo ilé ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn máa lọ, kó máa bọ̀.

Ìgbà yẹn ni páànù dé. Èkó ló ti kọ́kọ́ wọlé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú irin àti lọ́rì sì gbé e wọ inú ilẹ̀. Ìlú kòkó ni Ìdànrè, owó kòkó ló sì ra páànù fún ọ̀pọ̀ bàbá àgbà wa. Ẹ má ṣe jẹ́ ká fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ewé ń jò, ó ń jẹrà, iná sì lè jó odindi àdúgbò lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ti pàdánù ilé sínú iná rí kò ní béèrè bí páànù ṣe ń gbóná tó kó tó rà á.

Àṣìṣe wà níbẹ̀ ṣá, kì í kàn ṣe páànù gan-an ló fà á. Ohun tí a jù nù nígbà tí páànù dé ló fà á. Páànù kò nípọn tó mìlímítà kan, irin sì ni. Ooru ń gba inú irin kọjá ní ìlọ́po tó ju 40 lọ sí bó ṣe ń gba inú amọ̀. A gbé e lérí, a pa àjà tì, a fi sílíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀, a sì fi búlọ́ọ̀kù oníhò rọ́pò ògiri tó nípọn. Lóru, ooru ọ̀sán ṣì wà nínú yàrá wa.

Àwọn kan tiẹ̀ rántí. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya àwòrán ilé Yunifásítì Ìbàdàn àkọ́kọ́, kọ́ ọ lọ́nà tí atẹ́gùn á fi máa gba yàrá kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon ará Ísírẹ́lì jẹ́ kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ nínú ilé Humanities, kí òkè lè máa ṣíji bo ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tó ti jókòó gba lẹ́kíṣọ̀ níbẹ̀ láìsí iná, ẹ mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìtàn lásán. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé òfin ìkọ́lé tó ń ṣọ́ iná lò jáde ní 2017, àmọ́ ilé tí a ti kọ́ ṣáájú ló pọ̀ jù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n máa ń dí gbogbo ihò ilé kí òtútù má bàa wọlé. Tí a bá kó èyí wá síbí bó ṣe rí, a ó sè ara wa ni. Yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló yẹ ká dí etí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, kí atẹ́gùn tútù tí a fowó rà má bàa sá lọ. Yàrá tó kù, ẹ jẹ́ kó máa mí. Òrùlé ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ: ohun ìdènà ooru tó nípọn lórí sílíìnì, ihò tí ooru á gbà jáde lábẹ́ páànù, àti ọ̀dà funfun lórí páànù náà.

Bí ẹ bá tún gun òkè, ẹ wo ààfin náà dáadáa. Ògiri amọ̀ ni, páànù tó ti dípẹtà ló sì wà lórí rẹ̀. Àwọn àgbà kò wó ògiri nítorí pé páànù dé. Àwa la wó o.